Àlejò ní Àyè Kẹsàn-án

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejì oṣù Kẹsàn-án

Òjò láti àárọ̀. Lorna ọmọ mi dé ní aago mọ́kànlá pẹ̀lú páì ẹran méjì nínú páálí. Ó kán oògùn sí mi lójú, ó pààrọ̀ aṣọ orí bẹ́ẹ̀dì, ó wá jókòó láti ka lẹ́tà ọ̀sẹ̀ fún mi, bó ṣe máa ń ṣe ní gbogbo Sátidé láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú. Owó iná, ìwé ìpolówó kan tó kún fún àga, àti lẹ́tà àwọn Oníyẹ́lò, ilé-iṣẹ́ tó ń bu owó ìtanràn lé ọkọ̀ ní ibùdó ọkọ̀ wa.

Láti oṣù Kẹfà tí wọ́n ti kan pátákó yẹ́lò wọn mọ́ ògiri ibùdó ọkọ̀ wa ni mo ti ń retí wọn. Wọ́n ní ọkọ̀ mi wà ní àyè kẹsàn-án ní ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù Keje láìsí káàdì ìyọ̀ǹda lójú gíláàsì, kí n san ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn. Lórúkọ, ọkọ̀ mi ni. Mo ti fún Lorna lọ́dún méjì sẹ́yìn tí dókítà ojú ní kí n má wakọ̀ mọ́, a ò kàn ráyè yí ìwé rẹ̀ padà. Àyè kẹsàn-án náà tèmi ni, kì í sì í ṣe lórúkọ lásán. Èmi àti Sheila, ìyá Lorna, rà á pọ̀ mọ́ fúláàtì yìí fún ọdún mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún. Ó wà nínú ìwé ilé.

"Dádì, káàdì yẹn dà? Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí gbogbo ilé?"

"Ó wà nínú dúrọ́ọ̀."

"Ẹ jẹ́ kí n mú un lọ sínú ọkọ̀."

"O ò ní mú un lọ síbì kankan. Ṣé èèyàn máa ń tọrọ ìyọ̀ǹda kó tó jókòó sórí àga tó fowó rà ni?"

"Páálí lásán ni, Dádì."

"Páálí tí wọ́n kọ burúkú burúkú. Wo bí wọ́n ṣe to lẹ́tà rẹ̀."

Ó wò ó, ó wò mí, ó gé páì sí méjì. Ìyá rẹ̀ náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ bí ó bá fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tán.

Àìkú, ọjọ́ kẹta

Mo sọ̀ kalẹ̀ lọ wọn pátákó wọn. Téèpù lọ́wọ́ ọ̀tún, dígí tí mo fi ń kàwé lọ́wọ́ òsì. Lẹ́tà òkè ga ní sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin. Ti ìsàlẹ̀, níbi tí orúkọ àti àdírẹ́sì wọn wà, kò ju mìlímítà mẹ́ta lọ. Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi kọ pátákó nílùú yìí. Mo kọ ti apẹran, mo kọ ti asìnkú, mo kọ ti ilé ọtí mẹ́rìndínlógún, n kò sì kọ lẹ́tà tí ìyá arúgbó kò lè kà láti òdìkejì títì rí. Bó bá jẹ́ pé ọ̀dọ̀ mi ni ẹni tó kọ èyí ti kọ́ṣẹ́, gbálẹ̀gbálẹ̀ ni ǹ bá fi ṣe.

Ìyáàfin Pickup ti fúláàtì kẹrin, tó jẹ́ alága ẹgbẹ́ àwọn onílé, jáde pẹ̀lú sálúbàtà inú ilé.

"Ọ̀gbẹ́ni Haslam, kí lẹ ń wá lára ògiri?"

"Mò ń wọn ìwà ìkà tí ẹ kó wọlé fún wa."

"Tí èmi kó wọlé? Nínú ìpàdé oṣù Karùn-ún, ta ló kọ́kọ́ nawọ́ pé ká gbà wọ́n?"

Ó dáa, èmi ni. Ní Sátidé tí wọ́n bá gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ẹ̀yìn ilé wa, àwọn èrò ìwòran a máa kó ọkọ̀ wọn kún ibùdó wa fọ́fọ́. Ọ̀kan gbé tirẹ̀ sí àyè kẹsàn-án, ó sì tọ̀ sára ògiri kó tó lọ. Mo nawọ́ kí wọ́n lè lé irú èèyàn bẹ́ẹ̀, kì í ṣe kí wọ́n lé ọmọ mi. N kò sọ èyí fún Ìyáàfin Pickup. Mo ní sálúbàtà rẹ̀ ń mumi.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹfà

Ìyáàfin Pickup kan ilẹ̀kùn, ó gbé bisikíìtì dání. Ọgbọ̀n ọdún ló fi ṣe akọ̀wé lọ́dọ̀ lọ́yà kan, kò sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbàgbé.

"Ẹ gbọ́ mi dáadáa. Ọjọ́ mẹ́rìnlá ni òfin fún wọn láti kọ̀wé sí ẹni tí ọkọ̀ wà lórúkọ rẹ̀. Ọjọ́ márùndínlógójì ni tiyín gbà. Wọ́n ti pẹ́. Wọn ò lè mú yín. Awakọ̀ nìkan ni wọ́n lè mú, wọn ò sì mọ̀ ọ́n."

"Kí ni kí n ṣe?"

"Ẹ kọ̀wé pé ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀, pé ẹ ò jẹ wọ́n ní nǹkan kan. Bí ẹ bá fẹ́ sọ̀rọ̀ nípa ẹni tó wà á, 'awakọ̀' ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ 'mo'. Ẹ má kọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Wọ́n máa gbó, wọ́n máa rẹ̀, wọ́n máa lọ."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo jẹ bisikíìtì rẹ̀. Lẹ́yìn tó lọ, inú bí mi gidi. Kí ni mo jí tí n ó fi máa yọ́ kẹ́lẹ́ yí ọ̀rọ̀ ara mi ká?

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ keje

Ojú ewé márùn-ún, pẹ̀lú kálàmù tí a ń tì bọ tàdáwà. Mo kọ òkè rẹ̀ ní lẹ́tà ńlá. Mo da ìlà kan kọ síbí nítorí pé ó dùn mọ́ mi: "Ọmọbìnrin mi, Lorna Jane Haslam, tí ń gbé ní nọ́ńbà kọkànlélọ́gbọ̀n, Òpópónà Cobden, ni ó gbé ọkọ̀ náà sí àyè mi pẹ̀lú àṣẹ mi, yóò sì tún gbé e síbẹ̀ ní Sátidé tó ń bọ̀."

Ẹ jẹ́ kí wọ́n lọ jẹ ìyẹn mọ́ tíì.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹsàn-án

Kùrukùru. Lorna bèèrè káàdì, mo ní rárá. Nígbà tó fẹ́ máa lọ, àpò lẹ́tà yẹ́lò wà lójú gíláàsì ọkọ̀ rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín. Èmi kò rẹ́rìn-ín.

Àbámẹ́ta, ọgbọ̀n ọjọ́

Ìkẹta rèé. Lónìí, mo rí ọkùnrin tó ń ya fọ́tò fún wọn. Ó sanra, ó so fóònù mọ́ ọrùn bíi aago màlúù. Mo ṣí fèrèsé.

"Ìwọ yìí, ṣé ìyá rẹ mọ iṣẹ́ tí ò ń ṣe?"

"Ó mọ̀, Bàbá. Mo ti já ìwé ìtanràn méjì fún òun náà."

Mo pa fèrèsé dé. Láti ìgbà náà ni mo ti ń wá èsì, ó sì ti di aago mẹ́sàn-án alẹ́ báyìí.

Ẹtì, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹwàá

Èsì wọn dé. Ìlà mẹ́ta péré fún ojú ewé mi márùn-ún. Mo fi dígí kà á: "A dúpẹ́ pé ẹ dárúkọ awakọ̀. A kò ní ohunkóhun láti bèèrè lọ́wọ́ yín mọ́. Ìyáàfin Lorna Haslam ni a ó máa bá sọ̀rọ̀ láti òní lọ."

Mo kà á lẹ́ẹ̀kan, mo rẹ́rìn-ín, mo ní mo ti lé wọn sá. Mo gbé omi tíì kaná. Kí omi náà tó hó ni ó yé mi.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹrìnlá

Kò bọ́ ẹ̀wù òjò rẹ̀. Ó to lẹ́tà mẹ́ta sórí tábìlì, ọ̀kan fún Sátidé kọ̀ọ̀kan.

"Ẹ̀yin lẹ fún wọn ní orúkọ mi."

"Òtítọ́ ni mo kọ. Ìwọ lo wakọ̀."

"Mo bá Ìyáàfin Pickup pàdé ní ẹnu ọ̀nà, Dádì. Ó ní òun sọ fún yín pé kí ẹ má kọ ọ́. Ká ní ẹ dákẹ́, ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ yẹn ì bá ti kú, bóyá méjèèjì tó kù náà."

"N kò lè máa pe ọmọ mi ní 'awakọ̀'."

"Ẹ lè tà mí fún wọn, ṣùgbọ́n ẹ ò lè pè mí ní awakọ̀." Ó fọwọ́ nu ojú. "Ẹ wò ó, bí mo bá san án kó tó di ọjọ́ Ẹtì, wọ́n á gba ọgọ́sàn-án pọ́n-ùn fún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ẹ jẹ́ kí n san án ká sinmi. N ó lẹ káàdì mọ́ gíláàsì, n ó sì máa wá gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń wá."

"Bí o bá san pẹ́nì kan fún wọn, má padà wá síbí mọ́."

Mo sọ ọ́. Mò ń kọ ọ́ síbí kí n má bàa sọ lọ́la pé mi ò sọ ọ́. Lẹ́yìn náà ó mú oògùn, ó kán an sí mi lójú, ojú òsì nìkan, ó sì lọ.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kejìdínlógún oṣù Kọkànlá

Kò san án. Kò sì gbé ọkọ̀ wá síbí mọ́. Ó ń gbé e sí òdìkejì odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi, ó ń fẹsẹ̀ rìn gba orí afárá wá nínú òjò. Àyè kẹsàn-án ṣófo lábẹ́ fèrèsé mi. Mo sọ fún un pé ohun tó ń ṣe yẹn ń dùn mọ́ wọn nínú.

"Ẹsẹ̀ mi tutù, Dádì," ló fi dá mi lóhùn.

Páì náà ti di yìnyín kó tó gbé e dé.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kejìlá oṣù Kejìlá

Ó pè mí láti ibi iṣẹ́. Ìwé ìpè ti dé láti ilé ẹjọ́. Mo gbọ́ ọ̀rọ̀ àwọn obìnrin ilé ìtajà oògùn lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ń wá oògùn ikọ́ kan.

"Èmi tí mi ò mú súìtì jáde ní ṣọ́ọ̀bù rí láìsanwó," ó ní.

Mo ní kó má sunkún, pé ohun tí mo ń wá gan-an nìyí, pé adájọ́ ló yẹ kó gbọ́ ọ.

"Ohun tí *ẹ̀yin* ń wá," ó ní.

Ajé, ọjọ́ Kérésìmesì

Bọ́ọ̀sì kì í rìn lónìí, Lorna sì kọ̀ láti gbé ọkọ̀ jáde. Wákàtí kan àti ìṣẹ́jú mẹ́wàá ló fi rìn. A jẹ tọ̀lótọ̀ló láìsọ̀rọ̀ púpọ̀. Nígbà tó ń wá ìṣáná nínú dúrọ́ọ̀, káàdì ìyọ̀ǹda bọ́ sí i lọ́wọ́. Ó gbé e kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwo mi, ó wò ó títí, ó sì dá a padà.

Ó ń tutù gan-an. Ó yẹ kí n ní kó sùn síbí. Ìgbà tó ti lọ ni mo rántí.

Ajé, ọjọ́ kejìlélógún oṣù Kìíní

Ọjọ́ mẹ́rin ni mo ti ń fi dígí ka ìwé ilé, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ojú mi wú. Lónìí, mo rí i lójú ewé kẹtàlélógún: ẹni tó ra fúláàtì kẹsàn-án ní ẹ̀tọ́ láti lo àyè kẹsàn-án, "fún òun tìkara rẹ̀ àti fún àlejò rẹ̀, láìsí ìdíwọ́."

Àlejò! Mo ké sí Ìyáàfin Pickup. Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó sì gbà pé mo ti mú wọn. Ó ní àwọn Oníyẹ́lò á sọ pé ìpinnu ìpàdé de gbogbo ará ilé, pé Lorna bá wa gbé nígbà tí Sheila ń ṣàìsàn. Ṣùgbọ́n ìpàdé kankan kò lè de àlejò. Bí ó bá ti jẹ́ àlejò, ìwé ilé ló dáàbò bò ó.

"Ẹ di ọ̀rọ̀ yẹn mú, Ọ̀gbẹ́ni Haslam. Ẹ má jẹ́ kó bọ́ lọ́wọ́ yín."

Mo fi tàdáwà pupa fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹwàá oṣù Kejì

Lorna tẹ ọ̀rọ̀ tó máa sọ ní kóòtù sórí kọ̀ǹpútà, èmi ń pè é fún un. Ó ti kọ "ilé bàbá mi". Mo ní kó pa á rẹ́, kó kọ "ilé tí mo ṣe àlejò sí". Ó ti kọ pé yàrá kékeré ni òun sùn fún oṣù méjìdínlógún tí òun fi tọ́jú ìyá òun. Mo ní kó yọ ọ́ pátápátá.

"Ẹ fẹ́ kí n yọ Mọ́mì?"

"Fún ẹjọ́ ni."

Ó yọ ọ́. Ẹ̀rọ yẹn kì í fi ojú ibi tí wọ́n ti pa nǹkan rẹ́ hàn. Bébà ì bá fi hàn.

Ọjọ́rú, ọjọ́ kẹtàlá oṣù Kẹta

Dókítà ojú ní ojú ọ̀tún mi ti lọ. Èyí tó kù, kí n máa kán oògùn sí i lójoojúmọ́, kí n má fo ọjọ́ kan. Yìnyín díẹ̀ bọ́.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kẹrin

Mo fẹ́ kọ gbogbo rẹ̀ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Yàrá kékeré ni, kò jọ ilé ẹjọ́, ó jọ ibi tí wọ́n ti ń dúró de dókítà eyín. Obìnrin ni adájọ́, ọ̀fìnkìn ń ṣe é. Lọ́yà àwọn Oníyẹ́lò wọ bàtà tuntun tó há a lẹ́sẹ̀. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó gbé ìwé ìpàdé oṣù Karùn-ún jáde, ó sì ka orúkọ ẹni tó kọ́kọ́ nawọ́. Adájọ́ yí ojú sí mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, èmi ni.

"Nítorí náà, ẹ̀yin lẹ pe ilé-iṣẹ́ yìí wá."

"Mo pe ajá wá ṣọ́lé. Mi ò mọ̀ pé ọmọ mi ni yóò bù jẹ."

Adájọ́ ní kí n dáhùn ìbéèrè nìkan. Lọ́yà náà yẹ bébà rẹ̀ wò.

"Ọ̀gbẹ́ni Haslam, ọmọ yín bá yín gbé fún oṣù méjìdínlógún nígbà tí ìyàwó yín ń ṣàìsàn. Ó ní kọ́kọ́rọ́ ilé yín. Ó ń wá ní gbogbo ọ̀sẹ̀, ó ń fọṣọ yín, ó ń kán oògùn sí yín lójú. Ṣé ará ilé yín kọ́ ni?"

Mo rí ibi tó ń lọ. Ìyáàfin Pickup wà lẹ́yìn, mo mọ̀ pé òun náà rí i.

"Àlejò ni," mo ní.

"Ọmọ yín?"

"Àlejò ni. Kì í ṣe ará ilé mi. Ó ń wá, ó sì ń lọ."

Mo sọ ọ́ ketekete kí akọ̀wé lè gbọ́. N kò wo Lorna. Ìyẹn gan-an ni mo fẹ́ kọ síbí, pé n kò wò ó.

Wọ́n wá bi òun náà léèrè ìdí tí kò fi lẹ káàdì mọ́ gíláàsì. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ débi pé adájọ́ ní kó tún un sọ.

"Mo ní mo bèèrè rẹ̀ lọ́wọ́ bàbá mi. Ẹ̀ẹ̀mẹrin ni mo bèèrè. Inú dúrọ́ọ̀ ló wà. Ìgbésẹ̀ mẹ́fà ni láti àga wọn."

Adájọ́ fi aṣọ nu imú, ó sì wò mí fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló dájọ́. Ó ní nínàwọ́ sókè nínú ìpàdé kò lè yí ìwé ilé padà, pé Ìyáàfin Haslam jẹ́ àlejò bí bàbá rẹ̀ ti jẹ́rìí, pé kò jẹ ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìṣẹ́jú mẹ́rìndínlógójì ni gbogbo rẹ̀ gbà. Mo borí!

Ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, Ìyáàfin Pickup bọ̀ mí lọ́wọ́. Lorna dúró dìgbà tó kúrò níbẹ̀.

"Ẹ kú oríire, Dádì."

"A jọ borí ni."

"Rárá o. Ẹ̀yin lẹ borí." Ó ń tú kọ́kọ́rọ́ fúláàtì mi kúrò lára ìdè kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó le, èékánná rẹ̀ ṣẹ́, kò dúró. "Mi ò rò pé àlejò ń ní kọ́kọ́rọ́."

Ó fi í sí mi lọ́wọ́, ó sì pa ọwọ́ mi dé mọ́ ọn bí ẹni ń fún ọmọdé lówó súìtì. Ọkọ̀ ojú irin ni mo wọ̀ padà wálé láti Manchester, èmi àti Ìyáàfin Pickup. Òun ló ń sọ̀rọ̀.

Ẹtì, ọjọ́ kọkàndínlógún

Ilé mẹ́ta míì ti fi ìdájọ́ mi han àwọn Oníyẹ́lò. Wọ́n ti kó ẹrù wọn. Ọkùnrin tó ń ya fọ́tò ló wá yọ àwọn pátákó. Mo bèèrè fún ọ̀kan.

"Ẹ mú un, Bàbá. Ẹ ti ṣiṣẹ́ fún un."

Mo gbé e sí yàrá kékeré, ojú rẹ̀ kọ ògiri.

Àbámẹ́ta, ogúnjọ́

Lorna kò wá. Mo kán oògùn fúnra mi, ẹ̀rẹ̀kẹ́ ló gba èyí tó pọ̀ jù.

Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlélógún

Mo pè é. Kò gbé e. Mo fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ pé àyè kẹsàn-án wà lófìfo, pé kò nílò káàdì mọ́. Ohun tí mo fẹ́ sọ kọ́ nìyẹn. Mo pè padà láti sọ èyí tí mo fẹ́ sọ, mo sì tún ṣàlàyé ọ̀rọ̀ káàdì lẹ́ẹ̀kejì.

Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n

Àtẹ̀jíṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ rẹ̀: "N ó wá ní Sátidé. Aago mọ́kànlá. N ó mú páì wá." Inú mi dùn débi pé mo jókòó sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn. Mo lè kọ ọ́ nítorí kò sẹ́ni tó máa kà á.

Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n

Oòrùn ràn. Mo kó búrọ́ṣì mi jáde nínú àpótí, ó ti tó ọdún mẹ́sàn-án tí mo ti lò wọ́n kẹ́yìn, mo sì rẹ wọ́n sínú epo títí wọ́n fi rọ̀. Mo kúnlẹ̀ ní àyè kẹsàn-án, níbi tí ìhò ìṣó pátákó wọn ṣì wà lára ògiri, mo sì kọ LORNA. Búlúù, pẹ̀lú òjìji wúrà. Lẹ́tà sẹ̀ǹtímítà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. N kò kọ àlejò, n kò kọ nọ́ńbà. Wákàtí mẹ́rin ló gbà mí, lẹ́tà A ìparí wọ́ díẹ̀. Nígbà kan rí, ǹ bá ti nù ún kí n tún un kọ. Mo fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Ìyáàfin Pickup gbé tíì wá bá mi níbẹ̀. Ó bá mi di ife mú kí n lè dìde.

Mo ti ń fi ẹnu kọ́ "má bínú" láti àárọ̀. Kò gùn. Mo ní kí n kọ́kọ́ sọ ọ́ kó tó bọ́ ẹ̀wù.

Àbámẹ́ta, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n

Bọ́ọ̀lù tó kẹ́yìn sáà yìí ni, mi ò sì rántí. Aago méjìlá àbọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Láti aago mẹ́sàn-án ni ọkọ̀ ti ń wọlé, nítorí kò sí pátákó kankan tó ń lé wọn mọ́. Kí n tó sọ̀ kalẹ̀, ọkọ̀ dúdú ńlá kan ti fi ẹ̀yìn wọ àyè kẹsàn-án, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri. Ọkùnrin náà ń so aṣọ ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ ọrùn.

"Jọ̀ọ́, àyè ọmọ mi nìyí. Ó ń bọ̀."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, Bàbá? Pátákó dà?"

"Ó wà lára ògiri. Ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ ló bò ó."

Ó bẹ̀rẹ̀ wò, ó rẹ́rìn-ín. "Lorna. Orúkọ tó dáa. Ẹ bá mi kí i." Ó ti ń lọ kó tó sọ ọ́ tán.

Ìyáàfin Pickup kò sí nílé. Mo gòkè lọ dúró lójú fèrèsé. Ní aago mọ́kànlá kọjá ìṣẹ́jú méjì, mo rí ọkọ̀ kékeré pupa rẹ̀, tí èmi àti Sheila jọ ń lò nígbà kan rí, tó wọlé. Ó rọra kọjá níwájú ọkọ̀ dúdú yẹn. Ó yí po lẹ́ẹ̀kan. Mo lu gíláàsì. Ó yí po lẹ́ẹ̀kejì, ó dúró díẹ̀, mo rí páálí páì lórí àga ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, tàbí mo rò pé mo rí i, ojú kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù. Ẹ̀rọ agbéniròkè ti bàjẹ́ láti àná. Mo fi àtẹ̀gùn sọ̀ kalẹ̀, àjà mẹ́ta, mo di irin mú bí ọmọ tó ń kọ́ ìrìn. Nígbà tí mo dé ìsàlẹ̀, ibi tó dúró sí ti ṣófo.

Àtẹ̀jíṣẹ́ rẹ̀ ti wà lórí fóònù nígbà tí mo padà dé òkè. Mo fi dígí kà á.

"Dádì, àlejò yín wá. Kò sí àyè."

Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹsàn-án.

Àìkú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n

Òjò. Mo kọ lẹ́tà sí àwọn Oníyẹ́lò pé kí wọ́n padà wá lé àwọn èrò ìwòran, ojú ewé kan péré. Mo gbé pátákó wọn jáde láti yàrá kékeré kí n lè da àdírẹ́sì kọ sórí àpò lẹ́tà, ṣùgbọ́n mìlímítà mẹ́ta ni, n kò rí i kà mọ́, kódà pẹ̀lú dígí. Ìyáàfin Pickup ló bá mi kà á.